Omi Adágún Nígbà Ọyẹ́ àti Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Òbí Mọ̀ Nípa Ìlúwẹ̀ẹ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí a máa rò pé bí oòrùn bá ti mú, omi ti gbóná. Àti pé bí omi bá ti gbóná, kò sí ewu mọ́ fún ọmọ tí ó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Nítorí èrò yìí ni a ṣe fẹ́ fi ojú ewé ìdílé ti ọ̀sẹ̀ yìí sọ̀rọ̀ lórí omi adágún àti omi odò, bí ó ti ń tutù àti bí ó ti ń gbóná láti oṣù dé oṣù, àti ohun tí ó ń ṣe sí ara ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó kú sínú omi ní gbogbo ayé, àti pé bí a bá kó mẹ́rin jọ nínú wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.

Ẹni tí ó bá mọ Eruku, ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Òmù-Àrán lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàbà, mọ̀ pé kò sí adágún ńlá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Osi àti Iloffa. Odò kéékèèké ni ó wà ní ẹkùn náà, èyí tí í kún dé ẹnu ní ìgbà òjò, tí í sì í fà lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá ti fẹ́, títí yóò fi ku kìkì ògbun kọ̀ọ̀kan láàárín àpáta. Nínú irú ògbun bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ láti ìran dé ìran, láìsí olùkọ́, ẹ̀gbọ́n ni ó ń kọ́ àbúrò. Ṣùgbọ́n ní ayé tiwa yìí, ènìyàn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá adágún sílẹ̀. Dáàmù Erò wà ní Ìkun-Èkìtì, kò jìnnà sí ààlà Kwara. Asejire wà lẹ́bàá Ìbàdàn. Èyí tí ó sì tóbi ju gbogbo wọn lọ, Kainji, wà lórí odò Ọya. Omi tí a sé mọ́ ojú kan kò ní ìwà kan náà pẹ̀lú omi tí ń ṣàn, ẹni tí ó bá sì mú ọgbọ́n odò nìkan lọ sí adágún lè kàgbákò.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú ilé bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìyá ni ó mọ̀ pé omi inú àmù a máa tutù nígbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ọ̀sán ọyẹ́ a máa ta ènìyàn lára gidigidi. Kí ni ìdí rẹ̀? Omi díẹ̀díẹ̀ a máa là kọjá sí ẹ̀yìn àmù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a sì gbá a lọ. Bí omi náà sì ti ń gbẹ kúrò, ó ń kó ìgbóná lọ lára ìyókù tí ó wà nínú. Ní ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, kò lè gbé púpọ̀ mọ́, nítorí náà àmù kì í lè mú omi tutù bẹ́ẹ̀.

Adágún dà bí àmù ńlá kan tí kò ní ìdérí. Láti bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, afẹ́fẹ́ tí ó ti aṣálẹ̀ Sahara wá a máa fẹ́ gba ojú rẹ̀ kọjá tọ̀sán tòru. Ojú ọ̀run a mọ́ lóru, kò ní sí àwọsánmà tí yóò bò ó bí aṣọ, gbogbo ìgbóná tí ó rí gbà ní ọ̀sán a sì máa fò lọ. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹta àti ìkẹrin, ọyẹ́ ti lọ, oòrùn wà ní àtàrí, afẹ́fẹ́ kò gbẹ tó ti tẹ́lẹ̀, omi a sì wá gba ìgbóná ju èyí tí ó ń pàdánù lọ. Lẹ́yìn èyí ni òjò yóò dé. Àwọsánmà yóò bo oòrùn, àgbàrá tútù yóò wọlé, ìgbóná náà yóò sì tún rọlẹ̀ díẹ̀ ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Nítorí náà kì í ṣe àìsí oòrùn ni ó ń mú omi tutù jù lọ ní ilẹ̀ wa bí kò ṣe afẹ́fẹ́ gbígbẹ, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ọkàn sí. Ọ̀sán gangan nínú oṣù kìíní, tí òógùn ń bọ́ lójú olúwarẹ̀, ni omi tutù jù lọ nínú ọdún.

Ní Kainji, òkè omi a máa rọlẹ̀ dé bí 23 tàbí 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní àárín ọyẹ́, a sì máa gòkè dé 30 tàbí 31 ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún. Fún ẹni tí kò bá mọ òṣùwọ̀n yìí, omi a máa di yìnyín ní 0, a máa hó ní 100, ara ènìyàn tí ó sàn sì wà ní nǹkan bí 37.

Adágún Kainji yìí tọ́ sí kí a dúró lé e lórí díẹ̀. Ní ọdún 1964 ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáàmù náà, ní 1968 ni omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, pẹ̀lú àwọn àpáta inú odò níbi tí Mungo Park, ará Skọ́tílándì, ti bá ikú pàdé ní 1806. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 40,000 ni a sì kó lọ tẹ̀dó sí ibòmíràn. Gígùn adágún náà tó kìlómítà 130 ó lé, ibi tí ó sì jìn jù lọ nínú rẹ̀ tó mítà 60. Ohun tí ó yani lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni odò Ọya ń kún níbẹ̀ lọ́dún. Ìkún àkọ́kọ́ ti inú òjò ilẹ̀ tí ó wà nítòsí wá. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù kẹjọ, ó kún fún amọ̀ àti erùpẹ̀, ó sì rí ràkọ̀ràkọ̀ bí omi tí a fi fọ ìkòkò. Omi funfun ni wọ́n ń pè é. Ìkún kejì ti orí òkè Futa Jalon ní ilẹ̀ Gínì wá. Omi náà ti rin ìrìn oṣù púpọ̀, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ ní àbàtà ńlá ilẹ̀ Mali, ó ti fi erùpẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì dé Kainji ní mímọ́ láàárín oṣù kejìlá àti oṣù kẹta, nígbà tí òjò ti tán pátápátá. Omi dúdú ni a ń pe èyí, nítorí omi mímọ́ tí ó jìn a máa dúdú lójú ẹni tí ó bá ń wò ó láti òkè.

Ẹ wo bí ọ̀ràn ti rí nígbà náà. Adágún náà kún nígbà tí àwọn odò Eruku ti gbẹ, ó sì fà nígbà tí òjò ń rọ̀ ní Eruku, ní oṣù keje sí ìkẹjọ. Ìyàtọ̀ àárín ìkún àti ìfà rẹ̀ lè tó mítà 10. Omi tí ó mọ́ jù lọ, tí òmùwẹ̀ lè fi ojú rí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ni ó tún tutù jù lọ. Nígbà tí ó bá sì wá gbóná ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ó ti ń fà, etí rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, àwọn kùkùté igi tí omi bò láti ìgbà tí a ti sé odò náà ti súnmọ́ òkè, ẹ̀fúùfù líle tí í ṣáájú òjò sì lè dìde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sì sọ omi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ di ìgbì. Nítorí ìjì yìí ni àwọn apẹja fi ń wo ìhà ìlà-oòrùn kí wọ́n tó tu ọkọ̀. Bí apẹja tí a bí sórí omi bá ń wo ojú ọ̀run, kí ni ọmọ tí ó wá ṣe ìsinmi yóò ṣe? A kò tíì sọ ti ọ̀nì àti erinmi, tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Ìwà kejì tí adágún ní, tí odò kò ní, ni pé a máa pín sí ipele ipele. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, nítorí náà a máa léfòó lórí rẹ̀, kì í ṣe bí epo ti í léfòó, nítorí àwọn méjèèjì lè dàpọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí afẹ́fẹ́ tí yóò rú wọn pọ̀, wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ọmọ tí ó bá bẹ́ sínú adágún ní oṣù kẹrin lè rí i pé àyà òun wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan omi tútù. Àwọn onímọ̀ tún ti fi hàn pé ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, ìyàtọ̀ kékeré nínú ìgbóná tó láti ya ipele méjì kúrò lára wọn ju bí ó ti rí ní ilẹ̀ àwọn Òyìnbó lọ, nítorí pé bí omi bá ti gbóná tó ni ìwúwo rẹ̀ ń yára yí padà tó.

Adágún tí ó fi èyí hàn kedere ni Bosumtwi, ní ilẹ̀ Àṣáǹtì ní Ghana, tí kò jìnnà sí Kumasi. Ó rí róbótó bí àwo, ìbú rẹ̀ tó kìlómítà 8, òkè sì yí i ká. Òkúta ńlá kan tí ó já láti ojú ọ̀run ni ó gbẹ́ ihò rẹ̀, ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Kò sí odò tí ń ṣàn jáde láti inú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa wà ní bí 26 láti ọdún dé ọdún, òkè rẹ̀ sì lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kì í dé ìsàlẹ̀ yìí, ewé àti ohun gbogbo tí ó bá rì síbẹ̀ a máa jẹrà, omi náà a sì máa rùn. Nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́, tàbí nígbà tí oṣù kẹjọ bá mú òtútù wá, òkè omi a tutù, a wúwo, a sì rì. Ti ìsàlẹ̀ a sì gòkè wá. Ní ọdún tí èyí bá ṣẹlẹ̀ gidigidi, òórùn ibẹ̀ a máa dà bí òórùn ẹ̀tù ìbọn, ẹja a sì máa léfòó ní òkú. Àwọn ará ibẹ̀ a máa wí pé adágún náà yin ẹ̀tù rẹ̀. Wọn kì í gbé ọkọ̀ gbígbẹ́ tàbí irin wọ inú rẹ̀ láyé àtijọ́. Pákó lásán ni àwọn apẹja ń gùn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tù. Ènìyàn lè rẹ́rìn-ín sí èèwọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí nípa ìgbà ọdún kì í ṣe àlọ́.

Ti Nyos ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òru ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, gáàsì tí ó ti kó ara jọ sí ìsàlẹ̀ adágún náà láti inú òkè ayọnáyèéfín tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 1,700 pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn wọn lórí ibùsùn. Láti 2001 ni a ti fi ọ̀pá gígùn sínú rẹ̀ kí gáàsì náà lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe kí a lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni ni a ṣe sọ èyí, nítorí dáàmù tiwa kò wà lórí irú òkè bẹ́ẹ̀. A sọ ọ́ kí ó lè yé wa pé òkè omi kì í sọ gbogbo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ fún ni.

Nísinsìnyí, kí ni ara ènìyàn ń rí nínú omi? Omi a máa fa ìgbóná kúrò lára ènìyàn kíákíá ju afẹ́fẹ́ lọ, ní nǹkan bí ìlọ́po 25. Nítorí náà afẹ́fẹ́ tí ó wà ní 24 a máa tù wá lára, ṣùgbọ́n omi tí ó wà ní 24 yóò mú ọmọ tí ara rẹ̀ tín-ín-rín gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Bí ètè ọmọ bá ti ń yí àwọ̀, tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, kí a mú un jáde. Kí a má ṣe dúró kí ó fúnra rẹ̀ wí pé òtútù ń mú òun, nítorí ọmọ tí ń ṣeré kì í wí bẹ́ẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ tí ó ti tutù a máa há, òmùwẹ̀ tí iṣan rẹ̀ há láàárín adágún kò sì ní àpáta láti dì mú bí ẹni tí ó wà ní ògbun odò. Àwọn àgbà wa tí wọ́n sọ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ kò ṣe àsọdùn rárá: ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ a máa dúró ní etí rẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe àkóso eré ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ ní gbogbo ayé ti fi òfin lélẹ̀ pé omi ìdíje inú adágún tàbí òkun kò gbọdọ̀ tutù kọjá 16, kò sì gbọdọ̀ gbóná kọjá 31. Ìdí ààlà ti òkè yìí hàn ní Fujairah, ní ilẹ̀ Arébíà, ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Fran Crippen, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 26, kú lójú ìdíje nínú omi òkun tí ó gbóná púpọ̀. Ẹni tí ń fi agbára wẹ̀ ń ṣe ìgbóná nínú ara rẹ̀ bí àgbẹ̀ tí ń kọ ebè. Bí omi kò bá tutù tó láti gbé ìgbóná náà lọ, òógùn kò wúlò fún un níbẹ̀. Nítorí náà ọ̀sán oṣù kẹrin ní Kainji kì í ṣe àkókò tí ó yẹ láti bá ẹgbẹ́ ẹni díje.

Fún àwọn ará wa tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè gbóná bí ti ìlú wa, àwọn ọmọ a sì sáré lọ sí adágún; ṣùgbọ́n omi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti inú òtútù ni, ó lè má tíì kọjá 15. Ẹni tí ó bá ṣàdédé bẹ́ sínú irú omi bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ yóò já, yóò mí kanlẹ̀ láìfẹ́, bí orí rẹ̀ bá sì wà lábẹ́ omi nígbà náà, omi ni yóò fà sínú. Àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń wẹ̀ ní adágún Serpentine ní òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, láti 1864 ni ẹgbẹ́ wọn sì ti wà. Àwọn wọ̀nyí ti fi oṣù púpọ̀ mú ara wọn mọ́ òtútù náà, kí ọmọ ẹni má ṣe wò wọ́n kí ó sì fara wé wọn.

Àrùn ni ó kù. Àtọ̀sí ajá, tí í mú kí ẹ̀jẹ̀ máa bá ìtọ̀ ọmọ jáde, ń ti inú omi wá. Theodor Bilharz, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó rí kòkòrò rẹ̀ ní Cairo ní 1851. Ẹni tí ó ní àrùn náà a tọ̀ sínú omi. Kòkòrò náà a wọ inú ìgbín kéékèèké tí ń gbé lára koríko etí omi, a sì pọ̀ sí i níbẹ̀. Lẹ́yìn náà a jáde, a sì gba awọ ara ẹni tí ó bá wọ omi wọlé láìsí egbò. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ọkàn sí èyí: àárín ọjọ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ mú jù lọ, ni kòkòrò ti àtọ̀sí ajá ń jáde jù lára ìgbín. Ọmọ tí ó bá sì ní kí omi ọyẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí òun tó wọ̀ ọ́, àkókò yìí gan-an ni ó yàn. Omi ẹ̀ẹ̀rùn tí kò ṣàn, tí ó ní koríko létí, ni ilé wọn. Ibi tí omi ti ń yára ṣàn kò bá wọn lára mu. Ní ibi púpọ̀ ní Áfíríkà ni a ti rò pé ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ jẹ́ àmì pé ọmọkùnrin ń dàgbà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni orúkọ rẹ̀, kí a tètè mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Sòbìà náà ti fi omi tútù tan àwọn bàbá wa jẹ rí. Ibi tí ó fẹ́ ti jáde lẹ́sẹ̀ a máa jó bí iná, aláìsàn a sì sáré lọ ti ẹsẹ̀ bọ inú adágún kí ó lè tù ú. Níbẹ̀ ni aràn náà ti ń tú ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Ní ọdún 1988 sí 1989, àwọn tí ó ní i ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Ẹni ìkẹyìn ni a rí ní 2008, ní 2013 ni a sì kéde pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi, ìkìlọ̀ pé kí ẹlẹ́sòbìà má ṣe wọ omi mímu, àti kànga tí ó mọ́ ni ó lé e lọ; kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan fún un.

Bí a bá bi wá pé ìgbà wo ni ó dára jù, a ó wí pé òwúrọ̀ tí oòrùn ti gòkè díẹ̀, lẹ́yìn tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò ńlá kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, ní ibi tí àgbàlagbà tí ó mọ omi wẹ̀ ti kọ́kọ́ fi ọ̀pá wọn jíjìn rẹ̀. Ìgbà òjò ni a kò fọwọ́ sí rárá fún odò kéékèèké bí ti Eruku, nítorí òjò lè rọ̀ ní orí òkè lókèèrè nígbà tí oòrùn ń ràn ní ìlú, kí àgbàrá sì ya dé lójijì. Kòtò tí àwọn tí ń ṣe títì wa erùpẹ̀ nínú rẹ̀ tún burú ju odò lọ: etí rẹ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, amọ̀ rẹ̀ ń yọ̀, omi rẹ̀ pọ́n tí a kò fi lè rí ẹni tí ó bá rì.

Bí ọmọ bá ń rì, kí ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ dáadáa má ṣe bẹ́ tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tí ń rì a máa di ẹnikẹ́ni tí ó bá bá lọ́wọ́ mọ́ra. Kí ó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu sí i, tàbí okùn, tàbí kí ó na igi gígùn sí i. Kí a kọ́ ọmọ pẹ̀lú pé bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, kí ó dojú sókè, kí ó jẹ́ kí omi bo etí rẹ̀, kí ó sì máa mí jẹ́jẹ́ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí a bá yọ ọ́ jáde tí kò mí, kí a má ṣe gbé e sorí kodò, kí a má sì tẹ ikùn rẹ̀ láti fún omi jáde, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe. Kí a fi ẹnu fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí a sì máa tẹ àárín àyà rẹ̀ léraléra, kí a tún fẹ́ èémí sí i, láìdáwọ́ dúró. Bí ó bá sì jí, tí ó ń sọ̀rọ̀, tí ó ń béèrè oúnjẹ pàápàá, kí a ṣì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà, nítorí omi tí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè bẹ̀rẹ̀ sí í dí èémí rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn.